Dátà N2,000 tó di N6,000: ibi tí nẹ́tíwọọ̀kì ti ń mú àwọn oníṣòwò kékeré

Ìyàlẹ́nu gbáà ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo dátà 15GB ọlọ́sẹ̀ kan ti iléeṣẹ́ MTN nínú oṣù kejì, ọdún 2025, nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un rà, tí wọ́n sì rí i pé N2,000 tí wọ́n ń rà á tẹ́lẹ̀ ti di N6,000. Dátà kò lé sí i, ọjọ́ kò lé sí i. 15GB náà ni, ọjọ́ méje náà sì ni. Ariwo tí àwọn èèyàn pa lórí ọ̀rọ̀ náà pọ̀ débi pé iléeṣẹ́ ọ̀hún jáde láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀. Ohun tó sì bí wọn nínú jù ni pé kò tíì pé oṣù kan tí àjọ NCC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, kéde lọ́jọ́ 20, oṣù kìn-ín-ní, pé àfikún tí òun fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí wọ́n bá fi ìdá 50 lé N2,000, N3,000 ló yẹ kó jẹ́. Èyí tó di N6,000 yìí, ìlọ́po mẹ́ta ni.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í dun iléeṣẹ́ ńlá bó ṣe ń dun àwọn tó ní ìsọ̀ kékeré. Ní Ayọ̀bọ̀, láti Mégidá títí dé ọ̀nà tó lọ sí Ìtẹ̀lé ní ìpínlẹ̀ Ògùn, iṣẹ́ tí kò ní dátà nínú ti ń ṣọ̀wọ́n. Aránṣọ ń fi fọ́tò aṣọ ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp kó tó gé e. Ẹni tó ń se oúnjẹ tà ń gbé ọbẹ̀ òòjọ́ sórí status kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́ tán. Àwọn tó ń tẹ̀wé, tí wọ́n ń bá àwọn ọmọ kọ fọ́ọ̀mù JAMB àti ti Yunifásítì Anchor tó wà ládùúgbò náà, orí dátà ni gbogbo iṣẹ́ wọn wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Dátà ti dà bí epo tí wọ́n ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀: kì í ṣe òun ni wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, ìsọ̀ wà ní títì.

Ẹ wo ìṣirò ẹni tó ń ra 15GB yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, N8,000 ló ń ná tẹ́lẹ̀. Pẹ̀lú owó tuntun, ó di N24,000. Àfikún N16,000 nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé N100 ni èrè rẹ̀ lórí ìwé kan tó bá tẹ̀, àfi kó tẹ ìwé 160 sí èyí tó ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó padà sí ibi tó wà. Kò sì ní lè tètè fi owó náà lé oníbàárà lórí, torí ìsọ̀ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà kò ju ilé mẹ́ta sí tirẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé nẹ́tíwọọ̀kì "gé dátà" àwọn. Ó yẹ kí oníṣòwò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí gan-an, torí ibi tí ìjà wà kọ́ ni ọ̀pọ̀ ti ń jà. Nǹkan mẹ́ta ni èèyàn ń fi owó rà lọ́wọ́ nẹ́tíwọọ̀kì: ìwọ̀n dátà, iye ọjọ́ tí yóò fi wúlò, àti ibi tí wọ́n ti lè lò ó. Àdéhùn ni ní ìṣẹ́jú tí owó bá ti wọlé. Ẹni tó ra 20GB fún ọgbọ̀n ọjọ́ lónìí, kò yẹ kí wọ́n sọ fún un lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún pé ó ti di 15GB. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ní Nàìjíríà ló ń sanwó kó tó lò ó, àdéhùn náà kò gùn ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù kan lọ. Ọjọ́ tó bá ti pé, ọjà tuntun ló kù, iye tó bá sì wù wọ́n lábẹ́ òfin ni wọ́n lè pè é. Ẹnu ọ̀nà àtúnrà yìí gan-an ni wọ́n ti ń mú èèyàn.

Ètò tó máa ń tún ara rẹ̀ rà ló burú jù nínú èyí. Ẹni tó bá ti gbà bẹ́ẹ̀ nígbà kan, bóyá ní ọdún méjì sẹ́yìn, kò rántí mọ́. Bí ọjọ́ bá pé, nẹ́tíwọọ̀kì á yọ owó nínú owó ìpè tó wà lórí fóònù, yóò sì jẹ́ iye tuntun. Bí owó náà kò bá tó, dátà kò ní wọlé, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba owó tó wà níbẹ̀ lè máa jó lọ díẹ̀díẹ̀ bí fóònù ṣe ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì láìsí dátà. Ọlọ́jà á jí ní àárọ̀, á ní wọ́n ti jí òun lówó. Kì í ṣe pé ẹnì kan jí i. Ilẹ̀kùn tó ti fúnra rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni.

Ohun kejì ni pé kì í ṣe orí owó nìkan ni àyípadà máa ń wà. Ẹni tó bá ti ra gààrí rí mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Owó kan náà ni, kóńgò kan náà ni lójú, ṣùgbọ́n gààrí inú rẹ̀ ti dín. Dátà náà ní kóńgò tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí owó padà ní 2025, MTN mú ètò 1.5GB olóṣù kan tí wọ́n ń tà ní N1,000 kúrò, wọ́n sì fi 1.8GB tó jẹ́ N1,500 rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó fìrí á ní wọ́n fi dátà kún un, ẹlòmíràn á ní ìdá 50 ni wọ́n fi lé e. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Bí a bá fi owó pín GB, N667 ni GB kan tẹ́lẹ̀, ó wá di N833. Ìdá 25 ló lé. Ti 20GB tó kúrò ní N5,500 tó di N7,500, láti N275 sí N375 lórí GB kan ni, ìyẹn bí ìdá 36. Èyí tó jẹ́ 15GB ọlọ́sẹ̀ kan, N133 ni GB kan nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó fò lọ sí N400.

Ohun tí ìṣirò yìí ń fi hàn ni pé iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, nínú oṣù kan ṣoṣo, fi iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lé ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ibi tó sì ti pọ̀n jù ni ibi tó ti dínwó jù tẹ́lẹ̀, níbi tí àwọn oníṣòwò kékeré ti ń sá sí. Kí oníṣòwò tó bú, tàbí kó tó yọ̀, kó kọ́kọ́ fi owó pín GB, kó sì wo iye ọjọ́. GB tó wọ́n díẹ̀ àmọ́ tó máa lo oṣù kan lè sàn fún ẹni tí dátà rẹ̀ kì í tètè tán ju GB tó pọ̀ tí ọjọ́ méje yóò gbẹ́mìí rẹ̀ lọ. Dátà "bónọ́ọ̀sì" náà ńkọ́? Èyí tó jẹ́ ti òru, tàbí ti YouTube nìkan, kò wúlò fún aránṣọ tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lọ́sàn-án. Kó yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní aláìlópin: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ìwọ̀n kan tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, tí èèyàn bá ti lò ó kọjá ibẹ̀, eré rẹ̀ á dín títí fídíò kò fi ní ṣí mọ́.

Àwọn nẹ́tíwọọ̀kì náà ní ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n ní láti 2013 ni wọn kò ti fi kún owó, bẹ́ẹ̀ náírà já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà, ọdún 2023, dísù tí wọ́n ń bù sínú jẹnẹrétọ̀ àwọn òpó wọn gbówó lórí, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ra ẹ̀rọ. Ìdá 100 ni wọ́n béèrè kí NCC tó fún wọn ní 50. Irọ́ kọ́ ni pé nǹkan le: MTN Nàìjíríà pàdánù bílíọ̀nù N400.4 ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú ọdún 2025, lẹ́yìn tí owó tuntun bẹ̀rẹ̀, èrè bílíọ̀nù N414.9 ni wọ́n jẹ lẹ́yìn owó orí. Aránṣọ Ayọ̀bọ̀ tí N16,000 wọlé sí lára kò sí nínú ìpàdé tí wọ́n ti ṣe ìyẹn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC pè fún ìwọ́de lọ́jọ́ 4, oṣù kejì, ọdún 2025, wọ́n sì dá a dúró lẹ́yìn ìpàdé pẹ̀lú ìjọba.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí aráàlú àti nẹ́tíwọọ̀kì yóò fà á. Àwọn tó ti ń lo fóònù láti ọdún 2001, nígbà tí MTN àti Econet dé, kò ní gbàgbé pé ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni wọ́n ń gé owó. Ẹni tó bá sọ "ẹ ń lẹ́ o, mo ti dé" tó pa á, owó ìṣẹ́jú kan ni. Aráàlú ké ké ké, wọ́n ní kí wọ́n máa gé e ní ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n ní kò tíì ṣeé ṣe. Afi ìgbà tí Glo dé nínú oṣù kẹjọ, ọdún 2003, tí wọ́n fi ìṣẹ́jú àáyá bẹ̀rẹ̀, ni ohun tí kò ṣeé ṣe wá ṣeé ṣe fún gbogbo wọn. Lọ́jọ́ 19, oṣù kẹsàn-án, ọdún náà, ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri Nàìjíríà pa fóònù wọn láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní 2016 ẹ̀wẹ̀, NCC fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ iye tí dátà kò gbọdọ̀ wálẹ̀ kọjá, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 1, oṣù kejìlá. Ariwo pọ̀, ọjọ́ kan kó tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n dá a dúró.

Àwọn tó ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé níbẹ̀, àdéhùn ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọwọ́ bọ̀, ibẹ̀ sì ni owó ti máa ń lé láàárín àdéhùn. Láti ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, àjọ Ofcom ti fi dandan lé e pé nínú àdéhùn tuntun, iye tí owó máa fi lé gbọ́dọ̀ hàn ní pọ́n-ùn àti pẹ́ńsì láti ọjọ́ tí oníbàárà bá tọwọ́ bọ ìwé. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, iléeṣẹ́ O2 kéde pé àfikún olóṣooṣù tí àwọn ti sọ pé yóò jẹ́ £1.80 yóò di £2.50. Ohun tó wà lọ́wọ́ oníbàárà níbẹ̀ ni pé, bí wọ́n bá yí àdéhùn padà lọ́nà tí wọn kò sọ tẹ́lẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ìkìlọ̀ oṣù kan, ó sì lè jáde láìsanwó ìtanràn.

Ní tiwa, jíjáde kò ní ìtanràn rárá, ìyẹn sì ni agbára tí oníṣòwò ní tí kì í lò. Láti oṣù kẹrin, ọdún 2013, ló ti ṣeé ṣe láti gbé nọ́ńbà ẹni kúrò ní nẹ́tíwọọ̀kì kan lọ sí òmíràn láìyí nọ́ńbà padà. Ọ̀rọ̀ PORT ni èèyàn máa fi ránṣẹ́ sí 3232, kó sì lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọọ̀kì tó fẹ́ lọ. Nọ́ńbà tó wà lára pátákó ìsọ̀ kò ní yí padà.

Ti dátà tó ń tètè tán láàárín ọjọ́ tún yàtọ̀. NCC ní àwọn ti mú kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ àwọn nẹ́tíwọọ̀kì wò, wọn kò sì rí ohun ńlá kan níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ètò tó díjú àti fóònù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ ló fà á. Àwọn oníbàárà kan kò gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ tirẹ̀ lè tẹ *323# kó tó sùn, kó pa dátà, kó tún tẹ̀ ẹ́ ní àárọ̀. Nọ́ńbà kan náà ni lórí gbogbo nẹ́tíwọọ̀kì láti ọdún 2023. Bí kò bá dín, inú fóònù ni kó lọ wò: WhatsApp tó ń fa fídíò ẹgbẹ́ wọlé fúnra rẹ̀, áàpù tó ń ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ láàárín òru, àti ọmọṣẹ́ tó ń gba hotspot.

Bó bá dín tí dátà wà ní pípa, ẹ̀sùn wà níbẹ̀. Kó kọ́kọ́ pe nẹ́tíwọọ̀kì náà lórí 300, kó sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Láìsí nọ́ńbà yẹn, bíi pé kò pè ni. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, 622 ni nọ́ńbà NCC, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí yóò nílò ni àtẹ̀jíṣẹ́ tó gbà lọ́jọ́ tó ra dátà náà, tó fi iye, ìwọ̀n àti ọjọ́ tí yóò tán hàn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń pa àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn rẹ́ kí fóònù lè fúyẹ́.