Bí ẹ bá fẹ́ ra súwíìṣì kọ̀ǹpútà, ẹ má wo iye ihò nìkan

Báńkì, iléèwé, ilé ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ epo pupa ní Òkìtìpupa àti káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀ nílò kọ̀ǹpútà tó so pọ̀ mọ́ra. Ẹ̀rọ tó ń so wọ́n pọ̀ ni súwíìṣì. Èyí kì í ṣe súwíìṣì tí wọ́n ń tẹ̀ lára ògiri láti tan iná. Àpótí pẹlẹbẹ ni, tó ní ihò 8, 24 tàbí 48 tí wáyà ń wọ̀. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n fi ń rà á, ẹni tó bá sì ṣì í rà yóò tún un rà.

Kí ilé-iṣẹ́ Kalpana ní Amẹ́ríkà tó gbé irú súwíìṣì yìí jáde ní nǹkan bí ọdún 1990, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní hub ni wọ́n ń lò. Hub dà bí akéde tó ń lu agogo: ohun tí kọ̀ǹpútà kan bá fi ránṣẹ́, gbogbo ìyókù ló ń gbọ́ ọ. Súwíìṣì ní tiẹ̀ dà bí ẹni tó ń pín lẹ́tà, tó mọ ilé oníkálukú.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ béèrè ni bó ṣe yára tó. Bí ihò 24 bá wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé gígábíìtì 1 lálọ lábọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, inú ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ lè gbé gígábíìtì 48. Bí iye tó wà nínú ìwé rẹ̀ bá kéré sí èyí, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ bá dojú kọ iṣẹ́.

Èkejì ni iná. Àwọn súwíìṣì kan ń fi wáyà kan náà gbé iná fún kámẹ́rà àti ẹ̀rọ Wi-Fi. Ìlànà tó jáde ní 2003 fàyè gba wáàtì 15.4 fún ihò kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: bí àpapọ̀ iná tí súwíìṣì oníhò 24 lè pín bá jẹ́ wáàtì 195, ẹ̀rọ 12 tó ń gba 15.4 péré ló lè bọ́.

Ọ̀rọ̀ iná yìí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló lo ọdún gbọọrọ láìní iná ìjọba. Níbi tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, owó epo ni gbogbo wáàtì tí súwíìṣì ń jẹ. Bí iná bá sì já láìsí bátìrì tó gbà á, súwíìṣì ńlá lè lo ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó padà bọ̀ sípò, nígbà tí àwọn oníbàárà ti tò sẹ́nu kántà.

Ẹ̀kẹta ni àbójútó. Èyí tó ṣeé ṣètò lè ya kọ̀ǹpútà àwọn akówójọ sọ́tọ̀ kúrò lára Wi-Fi àlejò. Èyí tó rọjú jù kì í lè ṣe é.

Lákòótán, wáyà bàbà kò gbọ́dọ̀ ju mítà 100 lọ. Níbi tí ilé ti jìnnà síra, bíi ọgbà yunifásítì, wáyà onígíláàsì ló yẹ, nítorí kì í gbé iná mànàmáná láti ilé kan dé èkejì. Kí owó tó kúrò lápò, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á kọ gbogbo iye wọ̀nyí sílẹ̀ lórí ìwé.