Iná Átọ́míìkì: Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ọ?

Nígbà tí Faransé ń yin bọ́ǹbù átọ́míìkì ní aṣálẹ̀ Sàhárà ní 1960, Nàìjíríà fárígá, ó lé aṣojú wọn lọ ní 1961. Ní 1964, Nàìjíríà dá iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ ìtànṣán olóró sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Orílẹ̀-èdè yìí kan náà ló bá Rọ́ṣíà tọwọ́ bọ̀wé ní 2017 láti kọ́ ilé iná átọ́míìkì. Ta ni yóò bá a wí? Ẹni tí owó epo jẹnẹrétọ̀ ti sú ní Agbowó n'Ìbàdàn kọ́.

Wọ́n á ní iná yàtọ̀ sí bọ́ǹbù. Òótọ́ ni, ẹ̀rọ ìwádìí átọ́míìkì kan ti wà ní Zaria láti 2004 (kò kúkú tan gílóòbù kankan). Àmọ́ ìṣọ́ ohun eléwu ni ìṣòro wa: ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní 2024, ohun abúgbàù tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé bú gbàù ní Bódìjà n'Ìbàdàn: òrùlé ṣí, fèrèsé fọ́, ẹ̀mí lọ. Àwọn alábòójútó dà? Àwọn ni kí ìjọba kọ́kọ́ fún lówó àti agbára.