Ẹdùn Àrá Ilẹ̀ Yewa: Ohun Tí Wọ́n Jẹ́ àti Ọjọ́ Orí Wọn

Bí ènìyàn bá wọ ojúbọ Ṣàngó kan ní Ìlaró tàbí ní Ayétòrò, tí àwọn tí ó ni ojúbọ náà sì gbà á láyè, yóò rí ọpọ́n tí a gbé ka orí odó tí a dojú rẹ̀ dé. Inú ọpọ́n yìí ni ẹdùn àrá máa ń wà: òkúta tí ó ṣú, tí ó ń dán, tí etí kan rẹ̀ fẹ̀ tí ó sì mú, tí ìdí rẹ̀ sì rí róbótó. Ohun tí mo fẹ́ bá yín yẹ̀ wò ni bí a ṣe lè mọ ohun tí òkúta wọ̀nyí jẹ́, àti ìgbà tí a ṣe wọ́n. Èmi kì í ṣe awalẹ̀-pìtàn; lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a fún nǹkan wà lára ohun tí onílítíréṣọ̀ gbọ́dọ̀ tú wò, ibẹ̀ sì ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Àáké ni ọ̀pọ̀ wa ń pe irinṣẹ́ tí a fi ń la igi. Ẹdùn ni orúkọ rẹ̀ mìíràn, èyí tí ó ti ń lọ sí ìgbàgbé láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ẹdùn àrá, nígbà náà, kò ju àáké àrá lọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ òkúta náà lórúkọ ti wò ó fín, ó sì ti rí i pé àáké ni. Ẹni tí ó ni àáké náà nìkan ni kò mọ̀, ni ó bá fi í fún Ṣàngó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn Akan ní Gánà ṣe ń pè é ní nyame akuma, èyí tí í ṣe àáké Ọlọ́run; àwọn Fọ̀n, aládùúgbò àwọn ará Yewa ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, sì so ó mọ́ Hevioso. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé adúláwọ̀ nìkan ni ó rò bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù pẹ̀lú gbà pé láti ojú ọ̀run ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti ń já bọ́. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni Michele Mercati, oníṣègùn tí ó ń tọ́jú àkójọ òkúta àwọn Póòpù ní Róòmù, kọ̀wé pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe wọ́n. Ó kú ní 1593. 1717 ni a tó tẹ ìwé náà jáde.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ni? Odò lè yí òkúta títí yóò fi dán, ṣùgbọ́n odò kì í pọ́n òkúta lójú méjèèjì kí ojú náà sì pàdé ní etí kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ṣe ẹdùn kọ́kọ́ la òkúta, ó kàn án díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gba àwòrán àáké, lẹ́yìn náà ni ó fi omi àti iyanrìn lọ̀ ọ́ lórí àpáta. Bí a bá gbé e sínú oòrùn, a óò rí ipa lílọ̀ náà; a ó sì tún rí ibi tí etí rẹ̀ ti ya wẹ́wẹ́ nítorí igi tí a fi gé. Ní ilẹ̀ Yewa, ẹ̀rí mìíràn tún wà tí ó wù mí ju gbogbo èyí lọ. Ilẹ̀ iyanrìn àti amọ̀ ni ilẹ̀ Ìlaró. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ tilẹ̀ fi orúkọ ìlú náà pe ọ̀kan nínú àwọn ìpele rẹ̀. Bí a bá dé Ìbèṣè tàbí Ewékorò, òkúta rírọ̀ tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ni a óò bá. Kò sí èyí tí ó le tó láti gé ìrókò nínú wọn. Ìhà Abẹ́òkúta, ní sàkáání Olúmọ, ni òkúta líle ti bẹ̀rẹ̀, tí ó sì lọ sókè. Nítorí náà, ẹdùn tí a bá hú ní Ìlaró, ẹnìkan ni ó gbé e débẹ̀, bóyá nípa òwò, bóyá ní èjìká ọdẹ.

Ìyá àgbà kan nínú àwọn olóòṣà Ayétòrò sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, ẹ̀yìn òjò ńlá ni kí o máa wá a.” Òtítọ́ ni ìyá sọ. Òjò a máa wọ́ erùpẹ̀ òkè lọ, ohun tí ó wà nísàlẹ̀ a sì yọjú; àrá sì ti sán lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí a fi irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ti ọjọ́ orí ni ó ṣòro. Ní Yúróòpù, àáké idẹ ni a sábà máa ń rí tí a rì mọ́lẹ̀ pọ̀. Ní 2018, ní Havering ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n hú ohun èlò idẹ 453, àáké sì pọ̀ nínú wọn. Láàárín 900 sí 800 ọdún ṣáájú ìbí Kírísítì ni a rì wọ́n. Àwòrán àáké idẹ ń yí padà láti ìran dé ìran: èyí pẹlẹbẹ ni ó kọ́kọ́ wà, èyí tí a ń ki igi bọ ìdí rẹ̀ ni ó dé gbẹ̀yìn. Oscar Montelius, ará Swídìn, fi ìyípadà yìí ṣe ìwọ̀n ìgbà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìwọ̀n náà sì wúlò títí di òní.

Kò lè wúlò fún wa ní Yewa. Àwọn baba ńlá wa kò la sáà idẹ kọjá. Láti orí òkúta ni wọ́n ti bọ́ sórí irin. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Akjoujt ní Mọriténíà ni a ti mọ̀ dáadáa pé wọ́n rọ àáké bàbà ní ayé àtijọ́, aṣálẹ̀ sì ni ibẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀yìn irin ni idẹ dé. Ti Igbo-Ukwu, tí Thurstan Shaw wà jáde láti 1959, ni a gbà pé ó jẹ́ ti ọ̀rúndún kẹsàn-án lẹ́yìn ìbí Kírísítì. Àwọn orí idẹ tí àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé kàn ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938 sì tún kéré sí i lọ́jọ́ orí. (Èdè wa kò tilẹ̀ ya bàbà tí a pò mọ́ tánńganran sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a pò mọ́ síńkì, idẹ ni a ń pe méjèèjì.) Ní ti àáké òkúta, àwòrán rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹ kò lè wo ojú rẹ̀ kí ẹ mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Èédú àti eérú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò sọ ọ́. Igi tí ó wà láàyè ń gba kábọ́ọ̀nù 14 láti inú afẹ́fẹ́. Bí ó bá ti kú, ìdajì ohun tí ó gbà yóò pòórá láàárín nǹkan bí 5,730 ọdún. Willard Libby ni ó fi ọ̀nà yìí hàn ayé ní 1949. Òkúta kì í mí, nítorí náà a kò lè fi ọ̀nà yìí wọn òkúta. Igi tí a dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni à ń wọ̀n. Èyí ni Shaw ṣe ní 1965 ní ihò kan nítòsí Ìsarun, ní agbègbè Àkúrẹ́. Iwo Eleru ni àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ṣùgbọ́n Ihò Eléérú ni orúkọ rẹ̀, orúkọ náà sì bá iṣẹ́ mu. Ní ìpele ìsàlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tí a là nìkan ni wọ́n bá, pẹ̀lú egungun ènìyàn kan tí ó ti tó nǹkan bí 13,000 ọdún. Ìpele òkè, tí ó tó nǹkan bí 5,000 ọdún, ni ìkòkò amọ̀ àti ẹdùn tí a lọ̀ ti yọjú.

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sídìí ọpọ́n Ṣàngó. Ọjọ́ orí méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Òkúta lè ti tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ìkójọpọ̀ wọn kò lè tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí Ọ̀yọ́ là gba Yewa lọ sí Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì, tí ó sì fi àwọn aṣojú ọba sí, ni ìsìn Ṣàngó gbà gbilẹ̀ níhìn-ín. Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni Clapperton tọ̀ ní òpin 1825, nígbà tí ó ń ti etí òkun lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ọpọ́n kan lè kó àáké tí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, nítorí pé àwọn olóòṣà ni ó ṣà wọ́n jọ láti oko, láti etí odò, àti láti ilé tí àrá wọ̀. Ẹni tí ó bá pè é ní ìṣúra tí a rì mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan ti ṣì í kà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ká mi lára nìyí. Olóòṣà tí ó mọ ibi tí a ti rí òkúta kọ̀ọ̀kan ń kú. Àwọn ọmọ ń ta ọpọ́n náà, tàbí kí wọ́n dà á nù sí àtìtàn nítorí ìsìn tuntun. Òkúta tí ó délé olówó ní òkè òkun láìsí ìtàn rẹ̀ ti di òkúta lásán, bí ó ti wù kí ó dán tó. Katakata sì ń tú ilẹ̀ Yewa lójoojúmọ́, fún ọ̀nà, fún ilé, fún sìmẹ́ńtì. Òfin 1979 tí ó dá àjọ mùsíọ́mù orílẹ̀-èdè sílẹ̀ dáàbò bo irú ohun bẹ́ẹ̀, mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí ó bá kan ẹdùn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ihò kan náà, kí ó dá ọkọ́ dúró, kí ó ya àwòrán wọn bí wọ́n ṣe wà, kí ó kọ bí ihò náà ti jìn tó sílẹ̀, kí ó sì ránṣẹ́ sí wọn. Kí ó má ṣe fọ̀ wọ́n. Èédú tí ó lẹ̀ mọ́ wọn lára, tí kò ju ẹ̀wà mélòó kan lọ, ni a óò fi wọn ọjọ́ orí wọn.