Dawlish: ojú irin tí òkun kò fi lọ́rùn sílẹ̀

Ní oṣù Kejì ọdún 2014, ìjì ńlá kan jà ní Dawlish, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbì ya odi etí òkun, ó gbá ilẹ̀ abẹ́ rélùwéè lọ, irin sì ń mì dirodiro lókè omi. Nítorí pé kò sí ojú irin mìíràn tó lọ sí Plymouth àti Cornwall, ọkọ̀ ojú irin kò lè débẹ̀ láti ibòmíràn fún oṣù méjì.

Ẹnjiníà Isambard Kingdom Brunel ló mú ojú irin náà gba etí òkun yìí. Òkè pọ̀ ní àárín ilẹ̀, ọkọ̀ ìgbà náà kò sì lágbára àtigùn ún. Ó mọ odi, ó lu àpáta pupa já, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lóṣù Karùn-ún 1846. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá jókòó létí fèrèsé lónìí ń rí àpáta lápá kan, òkun lápá kejì. Mi ò mọ ojú irin tó rẹwà tó o nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Brunel tún dán ohun ìyanu kan wò níbẹ̀. Ó tẹ́ páìpù ńlá sáàárín irin méjèèjì, ó kọ́ àwọn ilé ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Irin kan so mọ́ abẹ́ ọkọ̀, ó wọnú páìpù; bí iwájú rẹ̀ ti ṣófo, afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn á tì í, ọkọ̀ á sì sáré láìrú èéfín. Awọ tí wọ́n fi ọ̀rá kùn ni wọ́n fi bo ojú páìpù tí irin náà ń gbà kọjá. Awọ gbẹ, ó ya, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé. Lẹ́yìn bí ọdún kan tí wọ́n fi lò ó, ní oṣù Kẹsàn-án 1848, wọ́n pa á tì. Èrò náà dára. Awọ ni kò gbé e. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀rọ náà ṣì wà ní Starcross.

Àtìgbà náà ni ìgbì ti ń ya odi, tí wọ́n sì ń tún un mọ. Mi ò dá òkun lẹ́bi. Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n pète ojú irin mìíràn tí yóò gba àárín ilẹ̀, ogun 1939 dá a dúró, wọn kò sì padà sí i. Ní 1968, wọ́n ti ọ̀nà tó gba Okehampton lọ sí Plymouth pa. Ìpinnu yẹn ló sọ Cornwall di ẹlẹ́nu-ọ̀nà kan.

Lẹ́yìn ìjì 2014, àwọn òṣìṣẹ́ to kọ̀ńténà tí òkúta kún inú rẹ̀ síwájú ibi tó ya, láti fi dá ìgbì dúró. Ọkọ̀ tún rìn ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin. Odi tuntun tó ga ju ti àtijọ́ parí ní 2023. Ọkọ̀ ti padà sí Okehampton láti 2021, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ń parí ìrìn rẹ̀ sí. Kò tíì dé Plymouth.