Ìlera Òṣìṣẹ́ ni Èrè Ọ̀gá

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní ọmọ-iṣẹ́ lọ́dọ̀, ẹ fi etí sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá dárúkọ ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa rò pé ọ̀rọ̀ ìjọba àti ti ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aránṣọ tó gba ọmọ-iṣẹ́ mẹ́ta, ọ̀gá ni. Ẹni tó ń sanwó fún àwọn obìnrin tó ń yan gàrí, ọ̀gá ni. Ìyálé ilé tó gba ọmọ-ọ̀dọ̀, ọ̀gá ni òun náà.

Ní ìlú wa Àjàṣẹ́-Ìpo níhìn-ín, ìyá oníbúrẹ́dì kan wá bá mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá òun po ìyẹ̀fun ti di ọ̀lẹ, pé ó ń jẹ́ kí búrẹ́dì jóná, ó sì ń dá sọ̀rọ̀ lóru. Ó ní àfi bí ẹni pé ayé ti fọwọ́ kàn án. Kí n má purọ́, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo ṣe àdúà fún ọmọ náà, mo sì fọ hántú fún un mu. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ara rẹ̀ kò yá sí i. Ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ há sínú ẹ̀rọ ni mo tó bi ìyá yìí pé, “Ìyá, ìgbà wo ni ọmọ yìí ń sùn?”

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka kà á. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì ni ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí po ìyẹ̀fun. Kí a tó pe ìrun Àsùbá, ó ti ń kó búrẹ́dì jáde nínú ààrò. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òun náà ni yóò gbé e lọ sí oríta, níbi tí ọ̀nà Ìlọrin, ti Ọ̀ffà àti ti Òmù-Àrán ti pàdé, tí àwọn èrò ọkọ̀ ti ń rà á. Ní ọ̀sán, yóò máa la igi ààrò. Ìyá ka ìka rẹ̀ tán, kò tíì kan oorun. Ó dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, nítorí ìbéèrè tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi í ni mo fi ṣe ìkẹyìn.

A mú ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní àìsùn ló dà á láàmú tó bẹ́ẹ̀ tó fi kan ọkàn rẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ní kó sinmi. Ó tó oṣù kan kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wá bá mi ṣírò: búrẹ́dì tó jóná, oníbàárà tó yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, owó ìwòsàn, owó ẹni tí a gbà dípò rẹ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ ló sọ pé owó òṣìṣẹ́ kejì tí òun ṣahun sí kò tó ìdajì èyí tí òun pàdánù. Nísinsìnyí, ènìyàn méjì ló ń pín òru náà ṣe.

Àwọn àgbà ní iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ní í pani. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò ní ìsinmi a máa pani. Ẹni tí kò sùn, ojú rẹ̀ a ṣú, iyè rẹ̀ a fò, inú a sì tètè bí i. Èéfín ààrò gàrí a máa ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí a gbé ààrò síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ wà ní títì mọ́ ènìyàn. Ní oṣù September 2002, iná sọ lóru ní ilé-iṣẹ́ rọ́bà kan ní Odogunyan, ní Ìkòròdú, nígbà tí a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jóná.

Ẹ má sì fi àìsàn ọkàn ṣe yẹ̀yẹ́. Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Aró ní 1954. Ó fi àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá wọn ṣe iṣẹ́ oko níwọ̀nba. Ọ̀pọ̀ rí ìwòsàn. Iṣẹ́ tó bá níwọ̀n a máa wo ènìyàn sàn.

Òfin Iṣẹ́ ní Nàìjíríà ti là á sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí wákàtí kan sinmi, kí ó sì ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ 7. Bí ó bá ṣàìsàn, tí dókítà sì jẹ́rìí sí i, owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún. Abiyamọ ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀méjì lóòjọ́ láti fi fún ọmọ lọ́yàn. Òfin mìíràn, ti 2010, ní kí ọ̀gá máa dá owó tí a ó fi tọ́jú ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó oṣù òṣìṣẹ́. Òfin náà ka ìpayà ọkàn kan tó ti ẹnu iṣẹ́ wá mọ́ ọn.

Bí òfin kò tilẹ̀ dé ilé ìdáná wa, Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, ti kọ́ wa pé ọmọ ìyá wa ni ẹni tó wà lábẹ́ wa. Kí a má di ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ lé e lórí, bí a bá sì dì í, kí a bá a gbé e.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, lálẹ́ òní, kí ẹ tó ti ìsọ̀, ẹ pe ọmọ-iṣẹ́ yín. Ẹ bi í bí ó ti sùn lánàá, ẹ bi í kí ló jẹ, ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a jèrè iṣẹ́ ọwọ́ wa láìpa ọmọ ọlọ́mọ lára. Àmín.