Ẹbí, Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ìlú: Ipa Ẹbí nínú Ṣíṣe Ètò Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Agbègbè Ṣakí

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ipa tí ẹbí ń kó nínú ṣíṣe ètò ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní agbègbè Ṣakí, ní Òkè-Ògùn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. A tọpinpin ọ̀rọ̀ náà nínú àṣà ìrànra-ẹni-lọ́wọ́ Yorùbá, nínú ìtàn ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti ọdún 1955, àti nínú òfin àti ìlànà tí ó jáde láti ọdún 2004. A rí i pé owó àti agbára ni ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń bèèrè lọ́wọ́ ẹbí; kì í sábà bèèrè ìmọ̀ràn. A fi hàn pé ohun tí ẹbí mọ̀ nípa oko, ọ̀nà, èdè àti ọjà wà lára ohun tí kò yẹ kí ètò ilé-ẹ̀kọ́ ṣaláìní, a sì dá àbá lórí bí a ṣe lè mú un wọ inú ètò náà.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó dàgbà ní agboolé. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e ka iwájú ilé-ẹ̀kọ́ òde òní, ìbéèrè kan yóò jẹyọ: níbo ni igba ènìyàn náà wà nígbà tí a bá ń pinnu ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò ṣe ní ọdún tí ń bọ̀? Ta ni ó ń sọ bóyá kànga ni a ó kọ́kọ́ gbẹ́ tàbí òrùlé ni a ó kọ́kọ́ tún ṣe? Ta ni ó ń yan ọjọ́ tí àwọn òbí yóò pàdé?

Ṣakí ni a fi ṣe àpẹẹrẹ nínú iṣẹ́ yìí. Ìlú náà, tí Òkè Àṣàbàrí jẹ́ odi ààbò fún láyé ogun, ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Ṣakí, kò sì jìnnà sí ẹnubodè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àgbẹ̀, oníṣòwò àti oníṣẹ́-ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ará ìlú. Àwọn Fúlàní àti Bàrùbá sì ń gbé ní agbègbè náà pẹ̀lú wọn. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ jìnnà lè máa sùn ní abà ní àsìkò iṣẹ́, kí ó jẹ́ pé ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n ni yóò máa bójú tó ọmọ tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Nítorí náà, bí a bá sọ pé ẹbí nínú iṣẹ́ yìí, kì í ṣe bàbá àti ìyá nìkan ni a ní lọ́kàn, bí kò ṣe gbogbo ẹni tí ọmọ náà wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀.

Joyce Epstein, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, pín àjọṣe ẹbí àti ilé-ẹ̀kọ́ sí ọ̀nà mẹ́fà: títọ́ ọmọ nílé, ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ láàrin ilé àti ilé-ẹ̀kọ́, yíyọ̀ǹda ara ẹni fún iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, ríran ọmọ lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ nílé, pípa ìmọ̀ pọ̀ ṣe ìpinnu, àti àjọṣepọ̀ pẹ̀lú àwùjọ. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé owó sísan kò dá dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀nà karùn-ún, èyí tí ó jẹ mọ́ ìpinnu, ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí.

2.0 Ọ̀wẹ̀ àti Àáró

Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, tí ó jáde ní ọdún 1974, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ka ète méje tí ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ ní. Ọ̀kan nínú wọn ni kí ọmọ mọ̀ pé òun jẹ́ ara ẹbí àti àwùjọ, kí ó sì máa kópa nínú ọ̀ràn wọn. Inú oko, ìdí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ àti ìdí ààrò ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé. Ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ náà ni ó ń pinnu ohun tí yóò kọ́ ọ àti àsìkò tí yóò kọ́ ọ. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ìwé dé, ìpinnu yìí kúrò ní agboolé, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìjọ ẹlẹ́sìn, lẹ́yìn náà ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba.

Àṣà ìrànra-ẹni-lọ́wọ́ méjì yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Èkíní ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ti mọ ohun tí ó fẹ́ ṣe: ilé ni ó fẹ́ mọ, tàbí oko ni ó fẹ́ ro. Àwọn tí ó bẹ̀ yóò wá, wọn yóò ṣiṣẹ́, yóò fún wọn ní oúnjẹ, wọn yóò sì túká. Wọn kò bá a yan ibi tí ilé náà yóò kọjú sí. Èkejì ni àáró. Àwọn tí ó ń ṣe àáró máa ń jókòó pọ̀ ni. Wọ́n á fẹnu kò lórí oko tí wọn yóò kọ́kọ́ ro àti ọjọ́ tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí òjò bá yí ètò padà, gbogbo wọn ni yóò tún un tò. Ọ̀wẹ̀ dára, kò sí ìlú tí ó lè ṣe láìsí i. Ṣùgbọ́n èrò wa ni pé ọ̀wẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ti ń bẹ àwọn ẹbí láti ọjọ́ pípẹ́. Kò tíì bá wọn dá àáró.

3.0 Ẹbí nínú Ìtàn Ètò Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́

Ní ọdún 1952 ni Stephen Olúwọlé Awókóyà, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ fún Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, gbé àbá ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 sí ohun tí ó lé ní 800,000 ní ọdún 1955. Títí di òní, kò sí ètò ìjọba tí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá ń fi ọpẹ́ rántí tó o.

Síbẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò rọrùn. Láti rí owó ṣe ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera, ìjọba ní kí olúkúlùkù ẹni tí ó tó owó orí í san san ṣílè 10 àti kọ́bọ̀ 6. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC ni ó borí ẹgbẹ́ Action Group ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìbínú lórí owó náà kọ́ ni ìdí kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó wà lára rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí a lè rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹbí tí kò mọ bí a ṣe dá ètò kan lè kọ ètò náà, kódà bí ó bá jẹ́ fún àǹfààní ọmọ rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ ẹlẹ́sìn. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1976. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ ní Sókótó. Òfin tí ó gbé ètò náà ró jáde ní ọdún 2004. Òfin yìí pa á láṣẹ pé kí òbí rí i pé ọmọ rẹ̀ parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Bí òbí bá kọ̀, ìbáwí ni ti ẹ̀ẹ̀kíní. Lẹ́ẹ̀kejì, yóò san 2,000 náírà tàbí kí ó fi ẹ̀wọ̀n oṣù kan jura, tàbí méjèèjì. Bí ó bá tún ṣe é, 5,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì, tàbí méjèèjì. Òfin kan náà ka gbígba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ òbí léèwọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ìjìyà rẹ̀ sì lè tó 10,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Bí a bá wò ó dáadáa, àwọn apá òfin yìí rí òbí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó lè dẹ́ṣẹ̀ àti ẹni tí a lè rẹ́ jẹ. Wọn kò rí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ní ìmọ̀ tí ètò ẹ̀kọ́ nílò.

4.0 Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé-Ẹ̀kọ́

Ní ọdún 2005 ni Àjọ Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí i pé kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ alábòójútó tirẹ̀, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní SBMC. Ìgbìmọ̀ yìí yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Aṣojú ọba tàbí baálẹ̀, àwọn obìnrin, oníṣẹ́-ọwọ́, ẹlẹ́sìn, àwọn tí ó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá ní àyè nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ṣe kókó jù ni kí ó bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kọ ìwé ètò ìdàgbàsókè, kí ó sì máa ṣọ́ bí a ṣe ń ná owó. Àáró gan-an ni èyí, bí a bá ṣe é bí ìlànà ṣe là á sílẹ̀.

Ewu mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, ó rọrùn kí àwọn gbajúmọ̀ mélòó kan gba gbogbo ìjókòó, kí ìyá tí ó ń ta èlùbọ́ má gbọ́ pé ìpàdé wà. Èkejì, bí ó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé ètò náà, ẹni tí a ní kí ó fọwọ́ sí i lè má mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìgbìmọ̀ lè di ọ̀nà tuntun láti gba owó tí òfin ti kà léèwọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ní ọdún 2016, nígbà ìjọba Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bí, ìjọba fẹ́ kí àwọn aládàáni bá a ṣe àkóso àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Àwọn òṣìṣẹ́ àti olùkọ́ fi ẹ̀hónú hàn. Lẹ́yìn náà ni a gbé ìgbìmọ̀ alákòóso kalẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní sáà ìjọba kan náà, òbí ń san 3,000 náírà lọ́dún lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2019, ọjọ́ tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé gba ìjọba, ó fagi lé owó náà. Inú àwọn òbí dùn, ó sì yẹ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ owó nìkan ni ó ń mú òbí dé ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, kí ni yóò máa mú un débẹ̀ nígbà tí kò bá sí owó mọ́? Ìdáhùn wa ni pé ìmọ̀ràn ni ó yẹ kí ó rọ́pò owó.

5.0 Ohun tí Ẹbí Mọ̀ ní Ṣakí

5.1 Àsìkò oko: Ìkórè kajú bọ́ sí nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù kẹrin. Bí òjò bá ti ń fìdí múlẹ̀, àwọn obìnrin àti ọmọdé a máa jí lọ ṣa èso ẹmì láàárọ̀, kí wọ́n lè fi ṣe òrí. Ìwé ètò ìjọba kò mọ èyí. Olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n yóò na ọmọ tí ó pẹ́ dé. Ìgbìmọ̀ tí ẹbí wà nínú rẹ̀ yóò mọ ọ̀sẹ̀ tí kò yẹ kí ìdánwò bọ́ sí àti ọ̀sẹ̀ tí ó yẹ kí a ṣe àfikún ẹ̀kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kò lè yí sáà ìjọba padà, ṣùgbọ́n ó lè to iṣẹ́ inú rẹ̀ dáadáa.

5.2 Ọ̀nà àti ààbò: Àwọn ẹbí ni ó mọ odò tí ó máa ń kún ní oṣù kẹsàn-án àti ipa-ọ̀nà tí igbó ti dí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn ajínigbé kó ohun tí ó lé ní 200 akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Papiri, Ìpínlẹ̀ Niger. Kò sí òbí kan ní agbègbè ẹnubodè tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò ní dẹ́rù bà. Bí a kò bá bá ẹbí ṣe ètò ààbò, ẹbí yóò dá ètò tirẹ̀ ṣe: yóò dá ọmọ dúró sílé.

5.3 Èdè: Láti oṣù kìíní ọdún 1970, iṣẹ́ ìwádìí Yunifásítì Ifẹ̀ tí Fáfúnwá darí fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Bí Yorùbá bá tó kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ó tó kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Yorùbá nìkan ni a ń sọ ní Ṣakí. Àjọ ètò ẹ̀kọ́ fún àwọn darandaran ti wà láti oṣù kejìlá ọdún 1989. Ó yẹ kí Fúlàní àti Bàrùbá tí ọmọ wọn wà ní ilé-ẹ̀kọ́ rí ẹni tí yóò máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn ní ìpàdé, kí àwọn náà sì dá sí i.

5.4 Ọjọ́ ìpàdé: Ìpàdé tí a pè ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà ti yọ oníṣòwò sílẹ̀, ó sì ti yọ àgbẹ̀ tí ó wà ní abà. Àìwá wọn kì í ṣe àìbìkítà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, tí kò sì di Jímọ̀ tàbí ìsìn Ọjọ́ Àìkú lọ́wọ́, ni yóò bá ọ̀pọ̀ lára mu.

6.0 Àbá

(i) Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹbí kí ó tó kọ ìwé ètò. Kí a gbé ìpàdé kékeré lọ sí agboolé àti abà, dípò kí a máa dúró de ènìyàn nínú ọgbà.

(ii) Kí a fi Yorùbá kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, kí a kà á sókè, kí a sì lẹ ìṣirò owó mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i.

(iii) Kí àwọn obìnrin ọjà àti àwọn ọ̀gá oníṣẹ́-ọwọ́ yan aṣojú wọn fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ni ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́. Ẹnu ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni a ó ti gbọ́ ìdí rẹ̀.

(iv) Kí ilé-ẹ̀kọ́ náà wúlò fún ìlú. Kí a lè fi iyàrá rẹ̀ ṣe kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà fún àwọn àgbà nírọ̀lẹ́. Kí alágbẹ̀dẹ àti ìyá tí ó ń ṣe òrí sì wá fi iṣẹ́ wọn han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìyá tí ó ti jókòó ní kíláàsì kò ní bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé.

(v) Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó ń kọ́ olùkọ́ fi bí a ṣe ń bá ẹbí ṣiṣẹ́ kún ohun tí wọ́n ń kọ́ni.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé láti ọdún 1955 títí di àkókò yìí, àwọn ẹbí ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàì ṣe ojúṣe wọn sí ilé-ẹ̀kọ́: wọ́n san owó, wọ́n fi agbára wọn ṣiṣẹ́. Ohun tí a kò tíì gbà lọ́wọ́ wọn tó ni ìmọ̀ràn. Òfin ti mú owó kúrò lọ́nà, ìlànà ọdún 2005 sì ti ṣí ilẹ̀kùn ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ó kù kí a jẹ́ kí ẹbí wọlé, kí a gbọ́ tẹnu wọn kí a tó gbé kálàmù. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.