Ojú Ọkọ̀ Ń Dán, Ilẹ̀ Pákó Rẹ̀ Ńkọ́?

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin tó ń fọ lọ́rì àti tírélà létí títì ni akọ̀wé yín gbé wá. Ẹni tó bá ń sọ pé kí ló kan òun nínú ọkọ̀ fífọ̀, kó fara balẹ̀ kà á. Gàrí wa, iṣu wa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa, orí pákó ọkọ̀ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń sùn mọ́jú.

Sẹkọna wa yìí, ojú ọ̀nà ni. Ọkọ̀ tó bá ń ti Ifẹ̀ lọ Ẹdẹ àti Òṣogbo, ọ̀dọ̀ wa ni yóò gbà kọjá. Ojú wa sì ti rí oríṣiríṣi. Àwọn àgbà inú wa kò tí ì gbàgbé bọ̀lẹ́kájà. Láti ìlú òyìnbó ni ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wá, Bedford tàbí Austin, ṣùgbọ́n àwọn káfíńtà wa ló ń fi pákó kan ilé lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́dà á wá kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀: Orí ló ń báni ṣé, Ayé ń yí, Olúwa ló ni ògo. Tó bá di ọdún Ògún, dírẹ́bà á fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, á so màrìwò mọ́ ọn níwájú. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ti fi ọ̀rọ̀ ara ọkọ̀ kọ ìwé. Ní 1988, Ọlátúndé Báyọ̀ Lawuyi kọ nípa ohun tí àwọn onítakisí Yorùbá ń kọ sára ọkọ̀ wọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà kan tó ń jẹ́ Africa. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ ni gbogbo èèyàn ń kà. Àwa tó lẹrù, inú rẹ̀ ni ká kà.

Mo dúró ti àwọn afọkọ̀ yìí wo iṣẹ́ wọn dáadáa. Iṣẹ́ ni o, kì í ṣe eré. Ẹ̀rọ á máa fún omi bí ọfà, wọ́n á bu ọṣẹ sí i, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹrẹ̀ kúrò nídìí táyà. Wọ́n á fi aṣọ nù ún, wọ́n á fi pólíìṣì pa á lára títí tí ẹ ó fi máa rí ojú yín níbẹ̀. Èrè kan wà nínú rẹ̀ tí àwa obìnrin kì í rò: ibi tí ẹrẹ̀ bá ti kúrò ni àléébù ti ń hàn. Táyà tó ti là, ibi tí ọ́ìlì ti ń jò, irin tó ti sán lábẹ́, omi ló ń tú àṣírí wọn. Iná ẹ̀yìn náà àti bébà tó ń tan yànrànyànràn lẹ́yìn tírélà, bí eruku bá ti bò ó, ta ni yóò rí i lóru? Ẹ̀yin náà mọ iye ọkọ̀ tó ti wọ abẹ́ tírélà tó dúró sójú títì.

Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe àwọn kan tí kò dáa. Òkú ọ́ìlì ni àwọn mìíràn ń fi pa táyà kó lè dúdú kó sì máa dán. Ọ́ìlì a máa jẹ rọ́bà, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa rọ̀ ọ́. Bó bá kán sínú bíréèkì, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Àwọn kan á yin omi tààrà sí ibi tí gírísì wà nídìí táyà, wọn ò sì ní fi òmíràn sí i kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ́ńjìnnì tó ṣì gbóná, wọ́n á da omi tútù lé e. Irin gbígbóná àti omi tútù kì í ṣe ọ̀rẹ́, ó lè sán. Àwọn ọmọ wa ni wọ́n o, mi ò bú wọn. Ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́ ni kò kọ́ wọn tán.

Ibi tó dùn mí jù ni inú ọkọ̀, ibi tí a ń kó ẹrù sí. Bí ẹ bá sanwó pólíìṣì, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Ọkọ̀ tó gbé màlúù àti ẹ̀wà ti òkè Ọya wá lè jẹ́ òun náà ni yóò gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa padà lọ. Ẹ̀wẹ̀, ó lè ti gbé sìmẹ́ǹtì lánàá, tàbí ajílẹ̀, tàbí oògùn kòkò. Ẹ rántí Gammalin 20 tí àwọn bàbá wa ń fi pa kòkòrò lóko kòkó. Lindane ló wà nínú rẹ̀, oògùn tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi sínú ìwé májèlé tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ ní 2009. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá kán sórí pákó, pákó á mu ún.

Gàrí gbígbẹ sì rèé, òórùn tó bá bá pàdé ló ń fà mọ́ra. Ọ̀kan nínú wa kó gàrí lọ sí Èkó lọ́dún kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó wà láyé, ó ń ka ìwé yìí. Àwìn ló fi ra apá kan rẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé e ń dán bí awo tuntun. Ìgbà tí wọ́n débẹ̀, oníbàárà bu gàrí sẹ́nu, ó tu ú dànù: dísẹ́lì! Kẹ́ẹ̀gì dísẹ́lì ló ti dà sórí pákó ṣáájú. Àwọn àpò ìsàlẹ̀ nìkan ló gbà á, ṣùgbọ́n oníbàárà ò dúró yẹ òkè wò, gbogbo rẹ̀ ló kọ̀. Dírẹ́bà ní, "Màmá, àná ni mo fọ ọkọ̀ yìí o." Kò purọ́. Ojú rẹ̀ ló fọ̀. Ó tó ọdún kan gbáko kí ìyá yìí tó san gbèsè yẹn tán, ọmọ rẹ̀ kan sì fi ilé-ìwé sílẹ̀ fún sáà kan.

Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, wọn ò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún dírẹ́bà nìkan. Òfin tí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní 2004 nípa oúnjẹ sọ pé ọkọ̀ tó ń gbé oúnjẹ gbọ́dọ̀ mọ́, àti pé bó bá ti gbé nǹkan mìíràn tẹ́lẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa kó tó gbé oúnjẹ. A ò ní retí ìjọba lórí èyí. Ojú àti imú wà lára wa.

Kí ẹ tó dá ọkọ̀ lóhùn, ẹ bi dírẹ́bà léèrè pé kí ló gbé kẹ́yìn. Kí ọmọ tó lágbára gun òkè, kó tẹ imú mọ́ pákó, pàápàá ní igun, ibẹ̀ ni nǹkan ń sá pamọ́ sí. Bí ó bá rùn, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí oòrùn sì gbẹ ẹ́ kí àpò tó gun orí rẹ̀. Tí òórùn dísẹ́lì tàbí ti oògùn kò bá lọ, ẹ má gbé e, ẹ jẹ́ kó lọ gbé pákó. Owó ìfọ̀ ibẹ̀, dírẹ́bà ni kó san, ẹ fẹnu kò lé e lórí kí ẹ tó fún un lówó ọkọ̀. Bó bá ń ráhùn, ẹ ní kó yọ ọ́ nínú owó pólíìṣì. Ẹ sì bá wa sọ fún wọn kí wọ́n má wa ọkọ̀ wọ odò lọ fọ̀ mọ́. Àwọn kan ṣì ń pọn odò yẹn mu.

Ìgbálẹ̀ mẹ́ta, búrọ́ọ̀ṣì méjì àti tapólì ńlá kan ti wà lọ́wọ́ ìyá akápò wa. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ́rù lè yá wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kó tẹ́ tapólì sábẹ́ àpò. Kó ṣáà rí i pé ó dá a padà kí ọjà tó tẹ̀lé e tó pé, torí èyí tí a rà lẹ́ẹ̀kan rí, a ò rí i mọ́ títí dòní.